Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún “HS8” ìdajì owó tó ń yípo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń míìsì orin nílé, ẹ̀yin olórin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ kí orin dún dáadáa ní pálọ̀ yín, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń ta mọ́nítọ̀ sítúdíò (sípíkà tí wọ́n fi ń míìsì orin) láàárín Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè àti Ṣàgámù. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí WhatsApp ló ti ń polówó, inú búùtù mọ́tò ló ti ń kó ọjà jáde. Ohun tó ń pè ní Yamaha HS8 yẹn, ayédèrú pọ́ńbélé ni.

N ò ní dárúkọ ẹ̀, torí orúkọ tó ń jẹ́ ní Ṣàgámù yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nọ́ńbà fóònù ẹ̀ náà kì í pẹ́ yí padà. Ìṣe ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá mọ̀.

Ó mọ àsìkò. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń wá ẹni tó máa kọ orin fún wọn de Ojúde Ọba, sítúdíò kéékèèké máa ń rí iṣẹ́. Ọmọ tó ní láptọ́ọ̀bù kan àti máíkì kan á rí owó díẹ̀ gbà, á wá ní kóun ra mọ́nítọ̀ gidi kí iṣẹ́ òun má baà tini lójú lóde. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá yìí ń jáde. Á ní ẹ̀gbọ́n òun ló kó ọjà wá láti òkè òkun, pé ọ̀ràn owó ilé ìwòsàn ló dé bá wọn, ìdajì iye tí wọ́n ń tà á l’Álàbá lòun máa gbà. Á fi Ìjẹ̀bú bá yín sọ̀rọ̀, á bèèrè agbo ilé yín, á ní òun mọ bàbá yín àgbà. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ ti di mọ̀lẹ́bí, ó sì ti ń tini lójú láti ní kó ṣí páálí.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti OOU, yunifásítì tó wà l’Ágọ̀-Ìwòyè, ló gbé tiẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, torí mo máa ń tún áńpù ṣe. Ó ní orin tóun bá míìsì lórí ẹ̀ máa ń dùn nínú yàrá òun, ṣùgbọ́n bó bá ti dé inú mọ́tò tàbí orí fóònù, ohùn olórin á rì, báàsì á pòórá. Mo gbé ọ̀kan sórí tábìlì. Ó wúwo, ojú woofer ẹ̀ (sípíkà ńlá inú ẹ̀ tó ń gbé báàsì) funfun, àmì Yamaha ń tàn níwájú ẹ̀. Ẹni tí ò bá tí ì rí ojúlówó rí ò lè mọ̀. Mo wá tú síkúrúù ẹ̀yìn ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kò mí lójú ni ègé kọnkéré kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí. Òun ló ń mú un wúwo! Pátákó áńpù tó wà nínú ẹ̀ ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Kàpásítọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà tweeter (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè), kò sí nǹkan mìíràn tó ń pín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ níyà. Mo fi èékánná họ etí woofer, ọ̀dà funfun ṣí, páálí dúdú yọ lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ṣí àpótí kejì, kò sí áńpù níbẹ̀ rárá. Wáyà tín-ín-rín kan ló ń gbé ohùn wá fún un láti inú àkọ́kọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí ojúlówó ṣe rí. HS8 kọ̀ọ̀kan ló ní áńpù tirẹ̀ nínú, méjì sì ni: 75W fún woofer, 45W fún tweeter, àpapọ̀ ẹ̀ 120W. Kílò 10.2 ni ọ̀kan wọ̀n. HS5 tó kéré sí i jẹ́ 70W, kílò 5.3. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà wọ́n, páálí kan fún àpótí kan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ méjì máa gbé páálí méjì lọ sílé. Ti ọkùnrin yìí, àpótí méjì ló ń bẹ nínú páálí kan, wọ́n sì kọ 2000W gàdàgbà sí i lára. Ibo ni 2000W ti fẹ́ wá? PMPO ni irú òǹkà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta ọjà ló ń sè é bó ṣe wù ú. RMS ni kẹ́ ẹ máa bèèrè, èyí tí áńpù lè gbé láì dákẹ́.

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn ẹ̀ pàápàá. Ní ẹ̀yìn HS8, ihò XLR kan (irú ti wáyà máíkì) àti ihò TRS kan (ti jáàkì ńlá) lẹ máa bá, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò, ṣíwíìṣì méjì tí wọ́n kọ ROOM CONTROL àti HIGH TRIM sí, ibi tí wáyà iná ń wọ̀, àti ṣíwíìṣì tí wọ́n fi ń tan án. Ó parí. Kò sí Bluetooth, kò sí ibi tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì sí, kò sí rìmóòtù. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní mọ́nítọ̀ tóun ní Bluetooth, ojúlówó sì ni. Òótọ́ ni, àwọn iléeṣẹ́ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń fi áńpù sínú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjì. HS8 ò sí lára wọn. Orúkọ tó wà lára àpótí ni kẹ́ ẹ fi dán àpótí wò.

Ojú funfun tó ń nà sí yín yẹn náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, torí òun ló fi ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. “Ẹ ò rí i pé ó funfun ni? Yamaha nìyẹn.” Ibi tí funfun ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá ni Yamaha NS-10. Ọdún 1978 ni wọ́n gbé e jáde, sípíkà pálọ̀ ni wọ́n sì pè é nígbà yẹn. Àwọn tó ń gbọ́ orin nílé ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀. Ohùn ẹ̀ le, báàsì ẹ̀ ò pọ̀. Àwọn tó ń míìsì orin ní sítúdíò ló wá kó o mọ́ra, torí àṣìṣe tó bá wà nínú ohùn olórin àti gìtá, gbangba ló máa ń gbé e sí. Wọ́n ní orin tó bá dùn lórí NS-10 á dùn níbi gbogbo. Wọ́n ṣe é títí di 2001 kí wọ́n tó dá a dúró, HS tó wà lọ́jà báyìí sì jogún ojú funfun yẹn. Ọ̀dà funfun ò wọ́n lọ́jà o.

Ibi tó ti ń mú àwọn tó gbọ́n jù wá ni ìgbà tó bá tan ọjà sí yín létí. Á ṣí búùtù, á so fóònù ẹ̀ mọ́ ọn, á fi fújì tí ìlù pọ̀ nínú ẹ̀ sí i, á sì yí i sókè. Equalizer fóònù ẹ̀ (ibi tí wọ́n ti ń fi kún báàsì àti ohùn òkè tàbí dín in kù), báàsì ti wà ní òpin òkè. Ìlù á gbá yín láyà, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Etí ọmọ èèyàn ló mọ̀ lò. Ní 1933, àwọn onímọ̀ ohùn méjì, Fletcher àti Munson, ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé bí ohùn bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ báàsì tó bó ṣe yẹ. Bó bá ròkè, báàsì á yọ sí i. Ìdí nìyẹn tí sípíkà tó bá pariwo ju èkejì lọ, kódà díẹ̀ péré, fi máa ń jọ pé òun ló dáa jù. Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní kó pa fóònù ẹ̀. Orin tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, èyí tẹ́ ẹ ti gbọ́ títí tẹ́ ẹ ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ẹ̀, ẹ fi wáyà gbé e sí i láti orí láptọ́ọ̀bù yín, kí equalizer wà ní pípa. Ẹ jẹ́ kí ohùn ẹ̀ mọ ní ìwọ̀n bí èèyàn méjì ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ ìyá ìlù lọ́tọ̀, omele lọ́tọ̀? Ṣé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀ àbí ó ti di yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ kan ṣoṣo? Ohùn olórin ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá jókòó sáàárín àpótí méjèèjì, àárín gbùngbùn ló yẹ kó ti máa jáde, níbi tí àpótí kankan ò sí. Bó bá ń fò káàkiri tí báàsì sì ń sá lọ, wọ́n ti so wáyà ọ̀kan sódì. Ti ọmọ OOU yẹn rí bẹ́ẹ̀ gan-an, kọnkéré nìkan ò tó wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orin kan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé wọn ò míìsì dáadáa sí i. Mọ́nítọ̀ tó bá jẹ́ òótọ́ á tú u fó. Èyí tí gbogbo orin bá ń dùn lórí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó jẹ́ pé fàájì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló ń wá, ní tèmi o, kò pọn dandan kó ra mọ́nítọ̀. Sípíkà ilé tó dáa wà, kò sì ní máa fi àléébù àwọn àwo orin àtijọ́ hàn án.

Jìbìtì kejì tó ń ṣe tún burú, torí ojúlówó ni ọjà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ṣàgámù ra méjì tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n so ó mọ́ iná, èéfín yọ. 120V ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni, iná tiwa sì jẹ́ 230V. Nígbà tí wọ́n pè é, ó ní àwọn ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná. Bí 120V bá wà níbẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ra tiransifọ́mà tó ń fa iná wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka owó ẹ̀ mọ́ iye tó ń pè.

Mo tún ti rí mọ́nítọ̀ KRK (iléeṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é) tòkunbọ̀ kan tí wọ́n pààrọ̀ woofer ẹ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀dà yẹ́lò kùn ún. Àwọ̀ yẹ́lò KRK wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é fúnra ẹ̀. Aṣọ tútù tẹ́ ẹ bá fi nù ún ò gbọ́dọ̀ yẹ́lò. Ẹ wo orí síkúrúù náà bóyá ẹnìkan ti yọ ọ́ rí.

Ẹ má sì jẹ́ kó fi woofer 8 íǹṣì tì yín. Gbogbo ìgbà ló máa ń ní èyí tó tóbi ló dáa. Yàrá kan ṣoṣo tí ibùsùn, tábìlì àti sítóòfù jọ wà nínú ẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, báàsì HS8 tó ń lọ dé 38Hz (bí òǹkà yìí bá ṣe kéré tó ni báàsì ṣe ń jìn tó) á kàn máa gbá ògiri ni, á kó jọ sí kọ̀rọ̀, ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́. HS5 tó dúró ní 54Hz á sin yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fà á kúrò lára ògiri, kí tweeter ṣe déédéé etí yín, kí àlàfo àárín àpótí méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú àlàfo wọn sí orí yín. Páálí ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ò lè mú báàsì o, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi kó ẹyin.

Fún ẹni tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́: ìwé tó ń fún èèyàn, ó tẹ “kò sí dídá owó padà” sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ìyẹn ò ká yín lọ́wọ́ kò. FCCPA, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dáa, tó sì bá àpèjúwe tí wọ́n fi tà á fún un mu, àjọ ìjọba FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ló sì ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò páálí, ti ẹ̀yìn àpótí àti ti nọ́ńbà ara ẹ̀ (serial number), tó yẹ kó yàtọ̀ lára àpótí kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tí mo tú, nọ́ńbà kan náà ló wà lára àpótí méjèèjì. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yín pẹ̀lú ẹ̀ rẹ́, kódà bó bá ti dínà mọ́ yín. Ẹ pa ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ mọ́, torí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó gba owó nìkan ni kì í rọrùn fún un láti máa pààrọ̀ láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù. Òun náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn ọlọ́pàá.