Wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun: ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ tàbí Doppler?

Ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ ló yá jù. Ó ń fúnni ní nọ́ńbà òkè (ìgbà tí ọkàn bá ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde), ti ìsàlẹ̀ (ìgbà tí ọkàn bá sinmi) àti ti àárín (ìpíndọ́gba). Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, ó máa ń kà á ju bó ṣe rí lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fara mọ́ Doppler, ẹ̀rọ tó ń lo ìró láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà òkè nìkan ló ń fúnni.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ ṣọ́ aṣọ tí à ń wé mọ́ apá: kí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì àyíká apá ọmọ. Bó bá kéré, nọ́ńbà á ga lásán. Ẹ wé e mọ́ apá ọ̀tún, kí ọmọ sùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.