Ilé Òkúta ní Lamu: Ẹ Tọ́jú Orúnkún Yín

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi ló sanwó ilé náà ní Lamu, erékùṣù kan ní Kenya, fún alẹ́ mẹ́ta, torí náà n kò fẹ́ bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ 49. Mo kà á. Ẹni ọdún 67 ni mí, orúnkún òsì mi kì í sì í gba àwàdà.

Ilé náà rẹwà o. Òkúta iyùn inú òkun ni wọ́n fi kọ́ ọ, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìgboro Lamu àtijọ́ tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2001. Yàrá mi gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì fẹ̀ rárá. Mo kọ́kọ́ rò pé ahun ló kọ́lé náà, àfi ìgbà tí mo wòkè. Igi etí omi kan tí wọ́n ń pè ní boriti ni wọ́n tò sí àjà. Ibi tí igi náà bá gùn dé ni yàrá ń fẹ̀ dé. Ti ilẹ̀kùn wọn wá ńkọ́? Mo fi ìka tọ ọnà tí wọ́n fín sí opó àárín rẹ̀ títí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó ru sìmẹ́ńtì fi fún mi mọ́ ògiri.

Òtílí tí wọ́n fi omi àgbọn sè ni oúnjẹ àárọ̀. Mbaazi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi mahamri tì í, ó jọ pọfpọ́ọ̀fù. Mo tọrọ àfikún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kejì ni omi dá. Olùtọ́jú ilé fi èdè Swahili sọ pé á dé “wakati wowote.” Bí mo ṣe gbọ́ wákàtí báyìí, mo jókòó ti ọṣẹ mi, mo ń wo aago. Wákàtí kan kọjá, ìkejì kọjá. Ọmọ mi ló rẹ́rìn-ín lórí fóònù: “Màmá, ìgbàkígbà ló ń sọ fún yín.” Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwa àti àwọn Swahili ti jọ yá ọ̀rọ̀ náà, ti Swahili ni kò ní aago nínú. Alẹ́ ti lẹ́ kí omi tó dé.

Bí òkun bá fà, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Shela, abúlé etíkun tó wà nítòsí. Bó bá kún, omi á bo ọ̀nà. Èmi fẹsẹ̀ lọ, mo wọkọ̀ ojú omi bọ̀, ọlọ́kọ̀ sì gba ìlọ́po mẹ́ta iye tó gbà lọ́wọ́ ará ìlú tó jókòó tì mí. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó wọlé.

Ṣùgbọ́n etíkun yẹn! Nǹkan bíi kìlómítà 12, yanrìn lásán. Kò sí orin, kò sẹ́ni tó fa ẹṣin wá bá mi bíi ti Èkó. Àwọn ọmọdé méjì kọjá, wọ́n ní “Shikamoo,” ìkíni tí wọ́n máa ń kí àgbà. Mo dáhùn “Marahaba” bí wọ́n ṣe kọ́ mi, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní abẹ́ òkìtì yanrìn ẹ̀yìn mi ni omi tí ìlú Lamu ń mu ti ń wá. Mo wá dárí ji olùtọ́jú ilé díẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Bí mo bá tún lọ, yàrá ìsàlẹ̀ ni mo máa gbà. Wọ́n ní ó ṣókùnkùn. Mo ní tọ́ọ̀ṣì.