Wọ́n dá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn Hilux mi dùbúlẹ̀: ohun tí ojú mi rí ní ìsọ̀ mẹkáníìkì kan n'Ílọrin

Ṣọ́ọ̀kì náà, ohun tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa fò ṣáá lórí gbágungbàgun, dára o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó tún bí mi. Owó iṣẹ́ wọn náà kò gani lára. Ibi tí wọ́n dè é sí ni wàhálà.

Iṣu àti gbágùúdá ni Hilux mi ń kó láti oko lẹ́yìn Ìsánlú-Ìsin, ọ̀nà pupa gbágungbàgun. Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn tí mo di ẹrù, kọ́nà àkọ́kọ́ báyìí, ìdí mọ́tò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tẹná kí n gun òkè, áásù ẹ̀yìn, irin gbọọrọ tó wà láàárín táyà méjèèjì, ń gbọ̀n gìrìgìrì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kan wà níwájú áásù, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa táyà, sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí ìdí mọ́tò gbé lé a máa fẹ́ lọ́. Ètò yẹn ni kì í jẹ́ kí áásù máa ta. Wọ́n ti kó méjèèjì sẹ́yìn! Wọ́n tún dá wọn dùbúlẹ̀ sínú, wọ́n jìnnà sí táyà, torí ṣọ́ọ̀kì tuntun gùn ju ojú ìdè àtijọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó bá dùbúlẹ̀ dé dígíríì 45, bí ìdajì agbára rẹ̀ ló kù fún táyà.

Mo padà lọ. Ọ̀gá ní, "Alhaji, ẹ ṣe sùúrù, ó ṣì le ni, yóò rọ̀." Yóò rọ̀ kẹ̀! Ó ní kí wọ́n lọ ra omi tútù wá fún mi. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ìyá wọn, kò béèrè mọ́tò. Ó tún ní owó jórinjórin kò sí nínú àdéhùn wa.

Ọmọ iṣẹ́ kan ló wọ abẹ́ mọ́tò fúnra rẹ̀. Ó yọrí jáde, ó ní, "Ọ̀gá, àwa la kúkú dè é báyìí." Ẹnu ọ̀gá wọhò.

Ọmọ yẹn ló gbé ìdè kan padà síwájú, ó ní kí jórinjórin ta orí ṣọ́ọ̀kì jáde sí ẹ̀gbẹ́ ṣásí, egungun mọ́tò, kí ṣọ́ọ̀kì lè nàró. Ó fi jáàkì gbé áásù sókè kó lè rí i dájú pé rọ́bà tó ń dá áásù dúró yóò kan ṣásí kí ṣọ́ọ̀kì tó tẹ̀ dé òpin. Ta ló kọ́ ọ? Ọ̀gá kan náà ni, ó ní.

Mo di ẹrù, mo gba kọ́nà yẹn. Ìdí mọ́tò jókòó pẹ̀sẹ̀. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò.

Máàkì: 2 nínú 5. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mò ń gbé ti iwájú lọ.