Igi ni àbí gáàsì? Ìfiwéra ààrò ẹ̀yìnkùlé fún ẹni tó fẹ́ rà á ní Amẹ́ríkà

Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń wọlé, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú nírọ̀lẹ́, àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Amẹ́ríkà a to ààrò ìta sí ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní fire pit. Oríṣi méjì ló gbòde jù: èyí tó ń jó igi, àti èyí tó ń lo gáàsì propane láti inú sílíńdà. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Houston, Dallas, Atlanta tàbí Maryland, ẹwà irin àti iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí la fi ń yàn án. Lójú tèmi, èéfín ló yẹ kó pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí èéfín yóò gbà lọ, ẹni tí yóò fà á símú, àti bóyá ẹ tilẹ̀ fẹ́ kó wọ inú ẹran yín: ẹni tó bá ti ro ìyẹn dáadáa, ọ̀rọ̀ owó kò ní í dà á láàmú mọ́.

Èéfín

Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ sí àdúgbò tuntun lóde òní sún mọ́ra gan-an. Ẹ̀yìnkùlé mìíràn wà tí kánópì méjì yóò gbà tán. Bí ẹ bá dáná igi nírú ibẹ̀, fèrèsé yàrá aládùúgbò ni èéfín ń bá lọ. Àwọn ẹ̀rún tó wà nínú èéfín igi kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, wọ́n sì ń bá èémí wọlé títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. EPA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká, kìlọ̀ pé wọ́n léwu fún ọmọdé, fún àgbàlagbà, àti fún ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn. Bí ọmọ yín bá ń fa ínhélà, tàbí tí Màámi ti Ìbàdàn wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun, gáàsì ni kí ẹ rà, kí ẹ má wulẹ̀ rò ó lọ títí.

Gáàsì náà ní ewu tirẹ̀. Ó ń mú carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan, jáde, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ tàn án nínú gáréèjì tàbí lábẹ́ kánópì tí wọ́n ti ta aṣọ yí ká. Ṣùgbọ́n kì í ta èèyàn lójú, òórùn rẹ̀ kì í sì í wọ aṣọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí kì í ṣe kékeré fún wa. Apá agbádá gbòòrò, ààrò sì kéré níwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju orúnkún lọ. Púpọ̀ nínú léèsì tí a ń wọ̀ jẹ́ polyester, tó jẹ́ pé yíyọ́ ló ń yọ́ mọ́ ara tí iná bá kàn án. Igi tó bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan, ìpẹ́pẹ́ iná rẹ̀ lè fò dé orí ẹni tó jókòó sí ìlà kejì. Bí ẹ bá máa ń gba àlejò tó múra, tí ẹ sì ṣì fẹ́ igi, ẹ ra àwọ̀n irin tí wọ́n ń fi bo ojú ààrò pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Oríṣi ààrò igi kan wà tí wọ́n ní kì í rú èéfín. Solo Stove àti Breeo ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Ògiri irin méjì ló ní, àlàfo sì wà láàárín wọn. Atẹ́gùn ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń gbóná bó ṣe ń gba inú àlàfo náà gòkè, ó sì ń tú jáde láti inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létí òkè. Ibẹ̀ ló ti ń pàdé èéfín, tó sì ń jó o kó tó lọ sókè. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: bí iná bá ti ràn dáadáa, ahọ́n iná kéékèèké a máa yọ yí ká etí òkè, bí ẹni pé inú ihò gan-an ni iná ti ń wá. Ìgbà yẹn ni èéfín ń dínkù. Bí ẹ bá wá ki igi tútù bọ̀ ọ́, tàbí tí ẹ to igi ga kọjá àwọn ihò yẹn, èéfín yóò rú bíi ti ààrò lásán ni.

Igi tó gbẹ, àti bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Omi tó wà nínú igi kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò wọ́n. Ẹ la igi kan sí méjì, kí ẹ sì ki ẹnu ẹ̀rọ náà bọ ojú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, torí ara ìta lè ti gbẹ kí inú ṣì tutù. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ wo orí igi níbi tí wọ́n ti gé e: èyí tó gbẹ yóò ti sán, ìlà ìsán náà yóò máa ti àárín lọ sí etí. Ẹ gbé méjì, kí ẹ gbá wọn mọ́ra. Gbígbẹ a dún kéké, tútù a dún bù. Èèpo igi gbígbẹ kì í sì í ṣòroó ṣí.

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní Houston ní oṣù Keje ọdún 2024, igi tó wó lulẹ̀ pọ̀ kọjá sísọ. Irú igi ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n oak tí ẹ là lónìí ń fẹ́ ọdún kan sí méjì kó tó ṣeé jó. Ẹ tò ó sókè kúrò nílẹ̀, kí ẹ bo orí rẹ̀ nìkan, kí atẹ́gùn lè máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Igi tí ìtàkùn onírun bá so mọ́ lára, ẹ má ṣe jó o, ó lè jẹ́ poison ivy, èéfín rẹ̀ sì lè da ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró láàmú gidigidi. Pákó ọgbà tàbí pákó pèpéle àtijọ́ burú ju ìyẹn lọ. Títí di ìparí ọdún 2003, oògùn tó ní arsenic, májèlé kan, nínú ni wọ́n ń fà sí púpọ̀ nínú pákó tí wọ́n ń tà fún onílé, iná kì í sì í pa arsenic, inú èéfín àti eérú ni yóò wà.

Ẹ má ṣe kó igi láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Kòkòrò emerald ash borer, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Michigan ní ọdún 2002, tipasẹ̀ igi ìdáná tí èèyàn ń kó kiri tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó sì ti pa àìmọye igi ash. Àdúgbò yín ni kí ẹ ti rà á.

Owó

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ààrò igi onírin pẹlẹbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, ẹ lè rí i ní $50 sí $150. Ti ológiri méjì a máa lọ bíi $200 sí $400. Ti gáàsì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi $150, ó sì lè ju $1,000 lọ bó bá jẹ́ èyí tó dà bíi tábìlì olókùúta. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan yóò sọ pé igi ló dínwó.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń jó. Dì igi kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́nu ilé epo, $6 sí $10 ni, kì í sì í pẹ́ ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jókòó fún wákàtí mẹ́rin, dì mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Sílíńdà propane oní pọ́ùn 20 ní agbára bíi BTU 430,000 nínú (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru). Ààrò gáàsì tó ń jó BTU 50,000 ní wákàtí kan, tí ẹ ṣí i tán pátápátá, yóò lò ó fún wákàtí mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Pàṣípààrọ̀ sílíńdà a máa tó $20 sí $25 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Nítorí náà, ẹni tó ń ra igi ní dì kọ̀ọ̀kan ń náwó ju ẹni tó ń lo gáàsì lọ. Igi kì í dínwó àfi tí ẹ bá ní igi tiyín, tàbí tí ẹ bá ra odindi cord kan tí ẹ sì ní ibi tí ẹ ó tò ó sí. Cord jẹ́ òkìtì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó fẹ̀ ní 4, tó sì gùn ní 8. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé face cord tàbí rick ni tirẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ mú téèpù dání kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ṣọ́ra lórí gáàsì náà. Ọ̀pọ̀ sílíńdà pàṣípààrọ̀ kì í kún, pọ́ùn 15 ni wọ́n ń rọ sínú èyí tó gba 20. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ló kéré. Ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ lójú ẹni sàn jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó kù, ẹ wo ọrùn sílíńdà, ẹ ó rí TW àti nọ́ńbà kan, bíi 17. Ìyẹn ni ìwọ̀n irin rẹ̀ ní òfìfo. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara yín, kí ẹ yọ nọ́ńbà yẹn kúrò, gáàsì ni ìyókù.

Oúnjẹ

Níbí, igi ló borí, kò sì sí àríyànjiyàn. Àsun tí wọ́n fi ẹyín igi oak tàbí pecan sun, kò sí gáàsì tó lè gbé adùn rẹ̀ wá. Bọ̀ọ̀lì náà bẹ́ẹ̀, àgbàdo náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ààrò gáàsì kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a má ṣe fi se oúnjẹ, nítorí ọ̀rá tó ń kán sílẹ̀ yóò dí ojú ihò tí gáàsì ń gbà jáde. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé nítorí ẹran lẹ ṣe fẹ́ iná, ẹ ra ti igi, ṣùgbọ́n ẹ má sáré ra ológiri méjì tó jinnú. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹyín iná rẹ̀ ń wà, ọwọ́ kì í tó o, àfi kí ẹ tún ra irin àyangbẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ààrò pẹlẹbẹ tó ní irin àyangbẹ tó ṣeé yí síwá sẹ́yìn ló dára jù fún àsun. Ẹ jẹ́ kí iná rọlẹ̀ di ẹyín pupa kí ẹ tó gbé ẹran lé e, ẹ má sì lo igi pine, oje rẹ̀ ń sọ ẹran di dúdú, ó sì ń korò.

Ohun tó ń ṣe gáàsì

Bí iná bá ń jó kúẹ́kúẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé sílíńdà kún, ẹ má tíì dá ààrò padà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ tètè ṣí sílíńdà jù. Ohun kan wà níbi tí rọ́bà gáàsì ti so mọ́ sílíńdà tó ń rò pé rọ́bà já nígbà tí gáàsì bá ya jáde lójijì, tó sì ń dín in kù. Ẹ pa ààrò, ẹ pa sílíńdà, ẹ tú rọ́bà kúrò lára rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ so ó padà, kí ẹ wá ṣí sílíńdà díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó tan iná. Bó bá jẹ́ Chicago lẹ wà nínú oṣù Kìíní, òtútù ló fà á: propane olómi ń gba ooru lára sílíńdà kó tó di afẹ́fẹ́, bí òtútù bá wá mú jù, agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ ó sì rí yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ lára irin níbi tí gáàsì mọ.

Aláǹtakùn fẹ́ràn láti ta okùn sínú ọ̀pá tí gáàsì ń gbà, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ààrò tì fún ìgbà pípẹ́. Ẹ nu ún kí ẹ tó tàn án. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà ti so, bó bá ń hó, ó ń jò. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, kì í fò lọ. Bí iná bá kú lójijì, ẹ pa gáàsì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tún ṣáná. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n lù sára ọrùn sílíńdà: bó bá ti pé ọdún 12, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì sí i láìjẹ́ pé wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Òfin

Ní Texas, county (ìjọba ìbílẹ̀) lè fòfin de iná ìta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ní agbègbè San Francisco, iná igi di èèwọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde Spare the Air, ìyẹn ìkìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti burú, gáàsì kò sí lára rẹ̀. Ìwé òfin tí ọ̀pọ̀ ìlú ń tẹ̀ lé ní kí iná igi orí ilẹ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ilé. Ẹ bi HOA yín, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, kí ẹ sì bi àwọn panápaná ìlú yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó háyà ilé gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ onílé.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ọgbà yín bá kángun sí ti aládùúgbò, tí ọmọdé wà nílé, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ lẹ fẹ́ jókòó fún wákàtí kan kí ẹ tó sùn, gáàsì ni. Bí ẹ bá ti yí i pa, ó ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta orí rẹ̀ ṣì lè jó ọmọ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ti igi kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹyín lè wà lábẹ́ eérú di ọjọ́ kejì, kódà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ní láti ra garawa irin tó ní ìdérí.

Bí ilẹ̀ yín bá fẹ̀, tí ilé jìnnà síra, tí ẹ sì máa ń sun ẹran fún èrò, igi ni, mi ò sì rò pé ẹ ó kábàámọ̀. Ẹ kàn ra igi ṣáájú ààrò. Ẹ tò ó nígbà ìrúwé kó gbẹ nínú ooru, kí ẹ sì dúró de òpin ìgbà òtútù kí ẹ tó ra ààrò fúnra rẹ̀, torí ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ń dín owó rẹ̀ kù láti kó o kúrò nílẹ̀.