Cairn Gorm tàbí Càrn Dearg?

Òkè méjì ni wọ́n ní àríwá Skọ́tlándì; odò Spey ló wà láàárín wọn. Cairn Gorm ga tó mítà 1,245. Mọ́tò ń gbé èèyàn dé ìdajì òkè, ọ̀nà sì hàn gbangba. Èrò náà ńkọ́? Wọ́n pọ̀ bí eéṣú.

Mítà 945 péré ni Càrn Dearg, síbẹ̀ òun ló ga jù nínú àwọn òkè Monadhliath. Láti abúlé Newtonmore lẹ ó ti gba àfonífojì Glen Banchor wọlé; lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó ń mu bàtà ni. Àgbọ̀nrín lẹ ó máa rí. Ẹ ṣọ́ra lókè téńté: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni apá ìlà oòrùn já sí àfonífojì Gleann Ballach, kùrukùru sì lè bò ó. Láìsí máàpù àti kọ́ńpáàsì, ẹ má lọ.

Bí ọmọdé bá tẹ̀ lé mi, Cairn Gorm ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Càrn Dearg ni tèmi.