Accessible Beige àti Kilim Beige: èwo ló bá ilé Èkó mu?

Lójú fóònù, ọ̀kan náà ni ọ̀dà méjèèjì yìí. Lára ògiri pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, wọn ò jọra rárá.

Sherwin-Williams, iléeṣẹ́ ọ̀dà ti Amẹ́ríkà, ló ni wọ́n. Nọ́ńbà Accessible ni SW 7036, ti Kilim ni SW 6106. LRV, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ọ̀dà ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, láti 0 títí dé 100, jẹ́ 58 fún Accessible, 57 fún Kilim. Ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ ìyẹn. Ohun tó wà lábẹ́ àwọ̀ ló yà wọ́n: eérú díẹ̀ wà nínú Accessible, Kilim sì fà sí àwọ̀ ọsàn.

Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé pálọ̀ wa kọjú sí. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn wọlé, Kilim á pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè jókòó tì í. Accessible ò yí padà tó bẹ́ẹ̀, ara sì tù mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ṣú, tí a tan gílóòbù funfun 6500K tó kún ọjà, Accessible á ṣe bí eérú, Kilim lá wá dára jù. A fi gílóòbù 3000K, tí ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ pọ́n díẹ̀, rọ́pò, Accessible sì tún móoru.

Ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó pé yàrá tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. L'Ékòó, apá àríwá gan-an loòrùn ọ̀sán ń gbà láti bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ wo ilẹ̀ náà. Táìsì kirimu tó pọ́n díẹ̀, irú tó pọ̀ nílé àyágbé, á jẹ́ kí Kilim túbọ̀ pọ́n.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀dà iléeṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fẹ́ fi po nọ́ńbà yìí fún yín, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n po kékeré. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sára páálí ńlá, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá gbé e yí ilé ká láàárọ̀, nírọ̀lẹ́ àti lábẹ́ iná. Tí pẹ́ńtà bá ń kánjú, ẹ má dá a lóhùn.

Accessible la kùn sí pálọ̀. Kọ́rídọ̀ wa tí ò ní fèrèsé, tó jẹ́ gílóòbù funfun ló wà níbẹ̀, la kùn ní Kilim, a sì ra sátínì, irú ọ̀dà tó ṣeé nù, torí ọwọ́ àwọn ọmọ tó máa ń wà lára ògiri.