Olùdámọ̀ràn Owó Tí Ìdílé Wa Ń Lò Ní Àkúrẹ́: Ohun Tí Mo Rí Lọ́dọ̀ Rẹ̀

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọjà Ọba ti bi mí títí: ṣé ó yẹ kí ènìyàn máa sanwó fún ẹni tí yóò gbà á nímọ̀ràn lórí owó ara rẹ̀? Mo ní ó yẹ, bí ẹni náà bá jẹ́ ẹni tí ìlú mọ̀, tí òun náà sì mọ ìlú. N kò ní dárúkọ ọkùnrin tí à ń lò. Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é nílé, n ó sì pè é bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Owó kòkó ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá wa fi oko sílẹ̀ lọ́nà Ìdánrè. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, wọn kò sì kọ ìwé ìhágún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó ń ti oko náà wá kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè torí rẹ̀ bínú. Ọdún 2024 wá dé. Tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá ó ti lé ní 12,000. Àwọn àbúrò tí kò bèèrè oko rí bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti Èkó àti Kánádà. Èmi ni àkọ́bí, àkáǹtì mi ni owó náà wọ̀. Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ báǹkì fi pè pé kí n ti owó náà mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn fún oṣù mẹ́ta, tí ẹlòmíràn gbé ilẹ̀ wá l'Ọ̀bá-Ilé, tí ẹnìkan nínú ìjọ sì mú ètò kan wá tí yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Bàbá Ìbejì kò mú ohunkóhun wá tà fún mi. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alágbàká, mo rò pé iye owó ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní, "Màámi, àwọn wo ló wà nínú ìdílé yín?" Ó kọ orúkọ àwọn ọmọ Bàbá sílẹ̀ lábẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ó bèèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì FUTA, ẹni tó ń gbé inú ilé Bàbá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn: "Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa o, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí pé owó tó wà lórúkọ yín kì í ṣe tiyín nìkan?" Ó tún là á yé mi pé ẹni tí a kọ sí àyè next of kin ní báǹkì kì í tipa bẹ́ẹ̀ di ajogún, ẹni tí wọn yóò kàn sí ni.

Kò ṣe bí ẹni tó mọ òfin ju lọ́yà lọ, ohun tí mo sì yìn ín fún jù nìyẹn. Ó ní kí a wá lọ́yà tiwa. Lọ́yà ló ṣàlàyé ìdí-igi, tí a ń pín ogún sí ọ̀nà mẹ́ta nítorí ìyàwó mẹ́ta, àti orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Ìyá tiwa bí mẹ́fà, ìyá kejì bí ẹyọ kan, ẹ ti mọ ibi tí ìjà wà. Lọ́yà ní ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé ẹjọ́ tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà, àmọ́ olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí aáwọ̀ bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

A ṣèpàdé nílé Bàbá l'Òkè-Àró lọ́jọ́ Sátidé kan, Bàbá Ìbejì sì wá. Àbúrò mi kan jágbe mọ́ ọn pé owó ló fẹ́ jẹ. Kò bínú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwé yìí," ó sì fi hàn án pé owó oníbàárà kì í wọ àkáǹtì tirẹ̀ rárá. Orúkọ oníbàárà ni a ń fi ra gbogbo nǹkan, ilé iṣẹ́ mìíràn tó dá dúró ló sì ń tọ́jú ohun tí a bá rà. Ó ní kí ó fúnra rẹ̀ wo ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, bóyá ilé iṣẹ́ àwọn wà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Àbúrò mi wò ó lójú ẹsẹ̀, ariwo sì rọlẹ̀. Ìpinnu wa ni pé kí oko wà láìpín, kí owó ọdún náà sì jẹ́ orí-ò-jorí. Gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i.

Inú àpótí Bàbá ni a ti rí ìwé ṣíà àwọn ọdún 1970, láti ìgbà òfin 1972 àti 1977 tó mú kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ta apá kan fún ọmọ Nàìjíríà. A ti fẹ́ dà á nù. Bàbá Ìbejì ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun ìní òkú ní kóòtù gíga, kí ṣíà tó lè wọ CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà lórí kọ̀ǹpútà, kí èrè rẹ̀ sì tó lè máa wọ àkáǹtì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń tánni ní sùúrù, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti yí orúkọ padà, a kò sì tíì parí rẹ̀.

Ní ti owó tèmi, kò ṣèlérí èrè ńlá kankan fún mi. Apá kan wọ treasury bill, ìyẹn owó tí a yá ìjọba fún ọjọ́ 364, apá kan wọ savings bond ìjọba àpapọ̀, owó tí a yá ìjọba bákan náà, èyí tí ẹni tó ní ₦5,000 péré náà lè rà, tí wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tó kù wà ní báǹkì fún ọjà aṣọ mi. Ó rán mi létí pé iye tí NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí a fi sí báǹkì, ń dáàbò bò fún ẹnìkan ní báǹkì ńlá ti kúrò ní ₦500,000, ó ti di mílíọ̀nù márùn-ún láti 2024, nítorí náà kí n má kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Ó tún ní kí n má fi iye kòkó 2024 ṣètò ilé tí n ó kọ́ ní 2026. Nígbà tí 2025 fi ń parí lọ, iye kòkó ti já sí nǹkan bí ìdajì.

Ètò ìlọ́po méjì yẹn ńkọ́? Ó ní, "Màámi, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń tà tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá." N kò rí ìdáhùn gbà, n kò sì fowó sí i. Ní oṣù Kẹrin 2025 ni CBEX, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó ṣèlérí irú ìlọ́po bẹ́ẹ̀, dà wó, ẹkún sì sọ ní ìlú púpọ̀.

Iṣẹ́ wíwá owó sí báǹkì ni Bàbá Ìbejì ń ṣe l'Ékòó tẹ́lẹ̀. Ó ní tágẹ́ẹ̀tì ló ń lé òun kiri níbẹ̀, òun kì í sì í mọ ohun tí owó oníbàárà wà fún. Ó ṣèdánwò àwọn alágbàtà ṣíà, ó yege, ó padà wálé. Níhìn-ín, a ń pàdé rẹ̀ níbi ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìpàdé onílé. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà Arákàlẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò gba kọ́bọ̀. Kò rọrùn fún un. Àwọn ènìyàn ń fẹ́ kí ó dá owó tó pọ̀ jù lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì torí wọ́n rò pé owó wa ni tirẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fẹ́ gbọ́ ohun tí aládùúgbò ní. Kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà síta. Lẹ́yìn ọdún kan ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó nídìí tábìlì kan náà jẹ́ oníbàárà rẹ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà. Ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tó ń gbà lọ́dọọdún ga fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fúnra rẹ̀ ra savings bond, òun náà á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èdè Òyìnbó nìkan ni ìròyìn owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ wà. Ó tún gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ta díẹ̀ nínú oko nígbà tí kòkó wọ́n. A kọ̀, mo sì ṣì gbà pé a ṣe ohun tó tọ́: ó mọ owó dáadáa, kò mọ kòkó.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ẹ kó ìwé ilẹ̀, ìwé ṣíà àti sitátẹ́mẹ́ǹtì báǹkì dání. Kí ẹ sì mú ẹnìkan láti inú ilé yín lọ, nítorí Bàbá Ìbejì kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ẹbí níwájú ẹnì kan ṣoṣo.